Ìwé Tó Mọ Orúkọ Wa: Dátábéèsì Wo Ló Yẹ Sáfà Inú Ilé Yín?

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ilé wa ló jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kó fíìmù, orin àti fọ́tò ẹbí yín jọ sórí kọ̀ǹpútà kan fi tiwa ṣe àríkọ́gbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí.

Bàbá wa kì í da nǹkan nù. Nígbà tí wọ́n papò dà, páálí mẹ́ta la bá nínú yàrá wọn ní Abẹ́òkúta. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wà níbẹ̀, pẹ̀lú fíìmù Yorùbá orí VCD lọ́pọ̀ yanturu. Odidi ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi sọ gbogbo wọn di fáìlì. Ó kó wọn sínú àpótí hard disk kan ní pálọ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sí yàrá rẹ̀ tí yóò máa ṣe sáfà. Jellyfin ló fi sórí rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ ni, láti ara Emby ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ ní 2018. Láti ọjọ́ náà, kò sí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù kan nínú ilé wa tí kò lè fi ohun tí bàbá wa kó jọ hàn.

Bí ó bá jẹ́ fíìmù tí wọ́n tà lọ́jà, Jellyfin máa ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ láti wá àkọlé, ọdún àti orúkọ àwọn òṣèré. Ṣùgbọ́n ta ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó mọ àwọn tó jó níbi ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n mi? Ìyá wa ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, wà lórí fóònù. Wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan. "Èyí tó ń lu gángan yẹn kì í ṣe onílù tí a háyà o. Àna wa ni, ìfẹ́ ló fi ń lù ú." "Obìnrin tó wọ léèsì aláwọ̀ àlùkò yẹn, ọjà Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ. Òun ló gbé ìyá yín pọ̀n ní kékeré." Màmá Àgbà dárúkọ obìnrin náà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. N kò há a sórí. Kí ni mo fẹ́ há a sórí sí, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti gbà á?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, wọ́n mú iná lọ. Inverter gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà, ó sì gbé àpótí hard disk. Ṣùgbọ́n ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter kò dé ni router tó so àwọn méjèèjì pọ̀ wà. Nígbà tí iná dé, Jellyfin kọ̀, kò jí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún kọ nínú àkọsílẹ̀ ìṣòro rẹ̀: "database disk image is malformed". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwé tó fi ń mọ ohun gbogbo ti ya.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹ gbogbo hard disk wò, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Fíìmù kankan kò sọnù."

Ìyá wa dáhùn pé, "Mo mọ̀ pé fíìmù ò sọnù. Ta ni yóò wá sọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ?"

Màmá Àgbà ti kú ní oṣù méjì ṣáájú.

Kí ni dátábéèsì gan-an?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé sáfà kan náà ló gbé fíìmù àti ìmọ̀ nípa fíìmù sínú ikùn kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Fíìmù wà níbi tí ẹ kó o sí. Dátábéèsì ni ìwé àkọsílẹ̀ tí sáfà fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, àkọlé rẹ̀, ọdún tó jáde, àwọn tó ṣeré nínú rẹ̀, ẹni tó ti wò ó, ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí, àti àlàyé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí i. Ìlà mélòó kan péré ni ó máa ń kọ nípa fíìmù tó tó GB mẹ́rin. Fídíò tó wà nílé wa lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, síbẹ̀ dátábéèsì wọn kò tó GB kan.

Ìdí nìyí tí a fi sábà máa ń fojú kéré rẹ̀. A ń ra hard disk ńláńlá fún fíìmù tí a lè tún rà lọ́la, a sì ń fi ìwé kékeré tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan láyé sí ibi tó bá ṣáà wà.

Ìwé alájọ àti akọ̀wé ẹgbẹ́

Irú dátábéèsì mẹ́ta ni ẹ óò máa gbọ́ orúkọ wọn bí ẹ bá ń kọ́ sáfà ilé: SQLite, MariaDB àti PostgreSQL. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi mọ ìyàtọ̀ wọn ni kí ẹ wo alájọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Alájọ ní ìwé kan nínú àpò rẹ̀. Kò gba akọ̀wé, kò háyà ọ́fíìsì. Bí ẹ bá fún un lówó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ìwé, tí yóò kọ ọ́, tí yóò sì pa á dé. Bí SQLite ṣe rí nìyẹn. Fáìlì kan ṣoṣo ni. Kò sí ètò mìíràn tó ń ṣọ́ ọ. Jellyfin fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i tó sì ń kọ sínú rẹ̀. D. Richard Hipp ló gbé e jáde ní 2000, kò sì fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kankan dè é. Ẹni tó bá wù ú lè lò ó bó ṣe fẹ́. Ó wà nínú fóònù Android àti iPhone tó wà lọ́wọ́ yín nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè kà á lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n gègé kan ṣoṣo ló lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ ní ìgbà kan. Ní 2010 ni wọ́n fi ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní WAL kún un, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ dí àwọn tó ń kà lọ́wọ́. Ní ti títóbi, ẹ má ṣèyọnu: ó lè gbà tó terabyte 281.

Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yàtọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kì í fọwọ́ kan ìwé. Akọ̀wé jókòó sídìí tábìlì, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, òun ni yóò kọ ọ́, òun ni yóò sì tò ó kí ọ̀rọ̀ àwọn méjì má baà forí gbárí. Bí MariaDB àti PostgreSQL ṣe rí nìyí. Ètò tó dá dúró ni wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, àwọn ètò yòókù sì ń ránṣẹ́ sí wọn. Nítorí pé iṣẹ́ tí a rán ló ń gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá, tí kì í ṣe ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ márùn-ún láti yàrá márùn-ún lè bá a sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà.

Ìtàn orúkọ MariaDB máa ń wù mí nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹbí wà níbẹ̀. Michael Widenius, ọmọ Finland, wà lára àwọn tó dá MySQL sílẹ̀ ní 1995; orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, My, ló fi sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ pé Oracle fẹ́ ra Sun, tó ti ra MySQL tẹ́lẹ̀, ó yà kúrò ní 2009, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ara rẹ̀, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kejì, Maria, sọ ọ́. Ní ti PostgreSQL, iṣẹ́ ìwádìí ni ní Yunifásítì California ní Berkeley lábẹ́ Michael Stonebraker ní 1986, kí ó tó di PostgreSQL ní 1996.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé a máa jẹun. Ó fẹ́ àyè nínú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì fẹ́ ẹni tí yóò máa bójú tó o. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí PostgreSQL 16 bọ́ sórí 17, fún àpẹẹrẹ, ètò tuntun kò ní ṣí ìwé ti àtijọ́ bẹ́ẹ̀; ẹ ní láti kọ́kọ́ yí i padà. Alájọ kò mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó yàn

Àkọ́kọ́: ètò wo ni ẹ ń lò? Nígbà mìíràn, ètò náà ti yàn fún yín. SQLite ni Plex ń lò. SQLite náà ló ń bá Jellyfin wá. Ní 2025 ni àwọn tó ń ṣe é tún ọ̀nà tó ń gbà bá dátábéèsì lò ṣe, kí àyè lè ṣí fún irú mìíràn lọ́jọ́ iwájú. PostgreSQL ni Immich, tí àwọn èèyàn fi ń tọ́jú fọ́tò, gbà. Kò gba òmíràn. Nextcloud gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ní kí a fi SQLite mọ sí ìdánwò àti ohun kékeré.

Kodi ni ọ̀rọ̀ yíyàn ti wọlé dáadáa. Lórí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, SQLite inú rẹ̀ ti tó. Bí tẹlifíṣọ̀n bá di mẹ́ta, ìwé mẹ́ta ló di yẹn: ẹ dá fíìmù dúró ní pálọ̀, ti yàrá kò mọ̀ pé ẹ ti wò ó débì kan. Kodi gbà kí ẹ gbé ìwé náà fún MySQL tàbí MariaDB, kí gbogbo ẹ̀rọ máa bá akọ̀wé kan sọ̀rọ̀. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní advancedsettings.xml ni ẹ óò kọ àdírẹ́sì akọ̀wé náà sí. Ẹ ṣáà rí i pé irú Kodi kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, torí pé bí Kodi ńlá tuntun bá ti jáde, ó máa ń yí ìwé rẹ̀ padà.

Èkejì: ẹni mélòó ló ń kọ? Ẹ má ka àwọn tó ń wò; àwọn tó ń kọ ni kí ẹ kà. Bí ẹni mẹ́fà bá ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, orí hard disk ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ohun tí sáfà ń kọ kò ju pé ẹni báyìí ti dé ìṣẹ́jú báyìí lọ. Ìgbà tí ẹ bá da fáìlì tuntun púpọ̀ sílé ni gègé máa ń sáré. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo Jellyfin kò nílò akọ̀wé.

Ẹ̀kẹta: ibo ni ìwé náà yóò wà? Ibí ni àwa ti ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé àyè inú kọ̀ǹpútà kékeré náà kò tó, ó sì fi dátábéèsì SQLite sínú àpótí hard disk ní pálọ̀, kí Jellyfin máa gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọ ọ́ láti yàrá. Ńṣe ló dà bí alájọ tó fi ìwé rẹ̀ sílé, tó ń na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kọ ọ́. Àwọn tó ṣe SQLite ti kìlọ̀ fúnra wọn nínú ìwé ìtọ́ni wọn: àgádágodo tí fáìlì fi ń mọ ẹni tó ń kọ lọ́wọ́ kì í sábà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lórí nẹ́tíwọ̀kì, WAL kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Fíìmù lè jókòó sórí nẹ́tíwọ̀kì bó ṣe wù ú. Ìwé SQLite gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà pẹ̀lú ètò tó ń kọ ọ́, orí SSD ló sì dára jù, torí pé SSD yára ju hard disk lọ fún kíkà-níhìn-ín-kíkà-lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá rí i pé ìwé àti ètò kò lè gbé inú ẹ̀rọ kan náà, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá akọ̀wé.

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a kì í fẹ́ bi ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa sáfà náà. Bí ó bá jápa sí Kánádà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ SQLite, ẹ lè sọ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé, "Dá ètò náà dúró, kó gbogbo fóódà yìí sórí flash." Bí ó bá jẹ́ PostgreSQL, tí ọ̀rọ̀ aṣínà sì ti bá ọlọ́rọ̀ rin ìrìn-àjò, ọ̀rọ̀ ti di ti oníṣẹ́. Ẹ má yan ohun tí ẹni tó kù nílé kò lè gbé.

Ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá

Èmi gbà pé kí a yan dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi òru jiyàn lórí dátábéèsì tó dára jù, tí kò sì ní ẹ̀dà ìpamọ́ kan, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Kò sí èyí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí hard disk rẹ̀ kò lè kú.

Bí SQLite bá ni, ẹ má kan da fáìlì náà kọ nígbà tí sáfà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tó ya ni ẹ lè bá lọ́wọ́ yín. Ẹ dá sáfà dúró ná, tàbí kí ẹ lo àṣẹ .backup inú ohun èlò sqlite3. Bí ẹ bá rí fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí -wal, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó ìwé náà. Ojú ewé tí a kọ kẹ́yìn lè wà nínú rẹ̀. Ti MariaDB, mariadb-dump ni. Ti PostgreSQL, pg_dump ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kan wà níta ilé, nítorí olè àti ọ̀gbàrá kì í mú ẹyọ kan fi ìkejì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀dà náà jí sáfà mìíràn dìde. Ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò, ìrètí lásán ni.

Ohun kan ṣì wà tí ì bá gbà wá là. Jellyfin ní ibi tí a ti lè ní kó máa kọ àlàyé fídíò kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò náà. NFO ni wọ́n ń pè é. Kodi náà lè kó àlàyé inú rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà láìní dátábéèsì kankan. Bí ìwé ńlá bá ya, sáfà tuntun yóò ka àwọn NFO náà, yóò sì tún mọ ohun gbogbo. Ìṣẹ́jú kan kò tó láti tan án. Àwa kò tan án.

Ibi tí a bá a dé

SQLite náà ni a ṣì ń lò. A gbé e sórí SSD nínú kọ̀ǹpútà kékeré náà, a sì so router mọ́ inverter. A tan NFO, ẹ̀dà ìpamọ́ sì ń lọ sí ilé àbúrò mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó tí a ná lórí gbogbo rẹ̀ kò tó iye hard disk kan.

Ẹ̀gbọ́n mi lo àṣẹ .recover láti fa ohun tó ṣẹ́ kù yọ nínú ìwé tó ya náà. Àwọn fíìmù tí wọ́n tà lọ́jà padà bọ̀ sípò láàárín òru kan, íntánẹ́ẹ̀tì ló dá àlàyé wọn padà. Nínú ohun tí ìyá wa sọ, díẹ̀ ju ìdajì lọ la rí. Ọ̀rọ̀ àna wa onígángan wà níbẹ̀, láìdín ọ̀rọ̀ kan. Ti obìnrin tó wọ léèsì kò sí. Ìyá wa wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mi orí. Wọ́n rántí ẹ̀yìn tó gbé wọn pọ̀n, wọ́n rántí òórùn aró ara aṣọ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré kò ju "Ìyá Aláró" lọ. Màmá Àgbà nìkan ló mọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ohun tí mo wá kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí: "Obìnrin tó wọ léèsì aláwọ̀ àlùkò. Ìyá Aláró ni Màmá ń pè é. Òun ló gbé Màmá pọ̀n. Ọjà Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ." NFO rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò náà. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá rántí lọ́jọ́ kan, àyè wà níbẹ̀ tí a óò kọ ọ́ sí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó ra hard disk mìíràn, ẹ tan NFO yín, ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí ẹ sì pe ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí yín. Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta nìyí?"

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.